Ta Ni Yóò Mú Wa Dé Ìpẹ̀kun Àríwá?

Ní ọdún 1965, nígbà tí òrùn ilẹ̀ àríwá kò tètè wọ̀ mọ́, tí yìnyín etí òkun sì ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ ojú omi ní Julianehåb, ìlú kékeré tí wọ́n ń pè ní Qaqortoq lónìí, ní ìhà gúúsù Gírínlándì. Àwọn ènìyàn tí ó wà ní èbúté sì dákẹ́ lọ gbári, nítorí wọn kò rí irú rẹ̀ rí. Tété-Michel Kpomassie ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Tógò tí ó súnmọ́ wa pẹ́kípẹ́kí. Ọdún 1941 ni a bí i. Nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́langba, ó gun igi àgbọn, ó bá ejò pàdé lókè, ó sì já lulẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sínú igbó àwọn olórìṣà erè fún ìwòsàn, baba rẹ̀ sì ṣe ìlérí pé bí ara ọmọ náà bá yá, òun yóò fi í fún òrìṣà ọ̀hún kí ó máa sìn ín. Ara yá, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ejò kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ní ilé ìtàwé kan ní Lomé ni ó ti rí ìwé tí dókítà ará Faransé kan, Robert Gessain, kọ nípa àwọn Inuit tí ń gbé láti Gírínlándì dé Alaska. Ó sì kà á pé ilẹ̀ kan ń bẹ nínú ayé yìí tí kò ní igi, tí kò sì ní ejò. Ọmọ náà kò dúró mọ́. Ó sá kúrò nílé, ó sì fi ọdún mẹ́jọ rìn láti ilẹ̀ Gánà àti Ivory Coast dé Senegal, láti ibẹ̀ dé Paris, dé Bonn, dé Copenhagen, bí ó ti ń ṣiṣẹ́ jẹun lójú ọ̀nà, tí ó sì ń kọ́ ìwé àti èdè fúnra rẹ̀, kí ó tó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ tí ó ń wá.

Ohun tí ó ṣe nígbà tí ó débẹ̀ ni ó wù mí jù nínú ìtàn yìí. Kò lọ wọ̀ sí ilé ìtura, kí ó jókòó lójú fèrèsé kí ó máa wo òkè yìnyín. Ilé àwọn onílẹ̀ ni ó wọ̀ sí. Ohun tí wọ́n ń jẹ ni ó jẹ, ìbáà ṣe ẹran tútù, ìbáà ṣe ọ̀rá ẹranko òkun. Ó kọ́ bí a ti ń da ajá tí ń fa ọkọ̀ lórí yìnyín, ó sì ń gòkè lọ láti ìlú dé ìlú ní etíkun ìwọ̀ oòrùn, títí ó fi dé Upernavik, níbi tí àgbàlagbà kan tí ń jẹ́ Robert Mattaaq ti gbà á sí ilé tí a fi ebè koríko kọ́, tí baba náà fi ojú ìwé ìròyìn bo ògiri rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Nǹkan bí oṣù mẹ́rìndínlógún ni ó lò ní Gírínlándì. Ìwé tí ó kọ lórí rẹ̀ jáde ní èdè Faransé ní 1981, ó sì gba ẹ̀bùn ní ọdún náà gan-an. Bí ẹnikẹ́ni bá tún wí fún mi pé ilẹ̀ òtútù kì í ṣe ibi tí ọmọ adúláwọ̀ í lọ, Kpomassie ni n óò fi dá a lóhùn.

Ìwé yìí ni ó kó sí mi lórí. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, àwọn ọmọ ti tójú bọ́, ọmọ àbúrò mi kan tí ó fi London ṣe ibùjókòó sì ti ń rọ̀ mí láti ọjọ́ pípẹ́ pé, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí a jùmọ̀ lọ sí ibìkan tí ẹ kò dé rí.” Mo ní àríwá ni mo fẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbà. Ṣùgbọ́n Kpomassie ní ọdún mẹ́jọ tí ó lè ná, ó sì ní egungun ọ̀dọ́. Ẹni tí ó ti ń fi ọ̀pá rìn gòkè kò gbọdọ̀ ṣe bí ẹni pé òun lè sùn lórí yìnyín. Àwa ní láti wá ẹni tí yóò ṣètò ọ̀nà fún wa, tí yóò sì mú wa rìn. Ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń yan irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo jókòó láti kọ.

Kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì ni mo ti kọ́ ìwọ̀n tí mo fi wọn àwọn ilé iṣẹ́ tí ń ṣètò ìrìn àjò; Ìlá, ìlú wa, ni mo ti kọ́ ọ. Ẹni tí ó bá ti ojú ọ̀nà Òṣogbo wọ Ìlá Ọ̀ràngún, tí kò ní ọmọ ìlú kankan tí yóò fà á lọ́wọ́, yóò rí òrùlé páànù tí ó ti pọ́n, yóò rí ọjà, yóò rí mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì, yóò rí ògiri ààfin. Bí ó bá sì di ìrọ̀lẹ́, yóò padà sínú ọkọ̀, yóò wí fún àwọn ará ilé rẹ̀ pé òun ti dé Ìlá. Irọ́ kọ́ ni ó pa, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ilẹ̀ wa lóòótọ́. Ṣùgbọ́n irú rẹ̀ ni àwọn àgbà ní lọ́kàn tí wọ́n fi wí pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Ta ni yóò sọ fún un nípa Ajagunńlá Fágbàmílà, ọmọ Odùduwà, ọba tí ó ṣẹ̀ wá sílẹ̀? Ta ni yóò mú un dé ìtàn Ìlá Yàrá, níbi tí àwọn baba wa gbé kí aáwọ̀ ọmọ ìyá tó pín wọn níyà, tí apá kan fi tẹ Ìlá Ọ̀ràngún dó, tí apá kejì sì gba Òkè-Ìlá lọ, tí ó fi jẹ́ pé títí di òní olónìí ìlú méjèèjì ni ó ń pe ọba rẹ̀ ní Ọ̀ràngún? Ìtàn tí a sì gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ni pé nígbà tí baba wa ń kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, ogbó tí Odùduwà fi lé e lọ́wọ́ ni ó ń la igbó níwájú, òun ni ó mọ ọ̀nà, òun ni a sì fi ń pe gbogbo ìran Ìgbómìnà títí di òní. Ìran tí ó gba irú ìtàn bẹ́ẹ̀ gbọ́ kò lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ amọ̀nà.

Mo rí i pẹ̀lú bí àlejò tí ó gbọ́n ti ń ṣe. John Pemberton, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà, wá sí Ìlá, ó tún padà wá. Ó jókòó ti àwọn ìjòyè, àwọn olórìṣà àti àwọn àgbà ilé, ó ń béèrè, ó ń gbọ́. Nígbà tí òun àti Fúnṣọ́ Afọláyan sì jùmọ̀ kọ ìwé lórí ipò ọba ní Ìlá, tí ó jáde ní 1996, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ jìn ju ohun tí ojú àlejò nìkan lè rí lọ. Abéèrè kì í ṣìnà. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ àbúrò mi láti London fi ìwé àwọn ilé iṣẹ́ ìrìn àjò ránṣẹ́ sí mi, tí àwòrán òkè yìnyín àti ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé kún inú wọn, mo ti mọ ìbéèrè tí n óò fi yẹ gbogbo wọn wò: ta ni yóò mú wa rìn, ọmọ ta ni í sì í ṣe?

Kí n tó dé ibẹ̀, ọ̀pọ̀ ni a ní láti kọ́kọ́ yọ kúrò. Àwọn kan ń ṣe ìlérí pé àwọn yóò fi ọ̀sẹ̀ kan tàbí díẹ̀ lé mú ènìyàn la Dẹ́nmákì, Swídìn, Nọ́wè, Fínlándì àti Áísìlándì já. Mo ka ètò wọn, mo sì rí i pé inú ọkọ̀ àti pápákọ̀ òfurufú ni ọjọ́ yóò pin sí; ilẹ̀ márùn-ún ni yóò wà nínú àwòrán, kò ní sí ọ̀kan nínú ọkàn. Àwọn mìíràn ní ọkọ̀ ojú omi ńlá tí ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rọ ènìyàn lọ́rùn, owó rẹ̀ sì lè fúyẹ́ ju ti kékeré lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá tú èrò sí ìlú kékeré tí ènìyàn inú rẹ̀ kò tó ti inú ọkọ̀, onílé di àlejò nínú ilé ara rẹ̀. Ní Svalbard, erékùṣù Nọ́wè tí ó jìnnà jù sí àríwá, ìjọba ti ṣe òfin tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2025 pé ọkọ̀ tí yóò wọ àwọn agbègbè tí a dáàbò bò kò gbọdọ̀ kó ju igba èrò lọ, a kò sì gbọdọ̀ súnmọ́ béárì funfun ju ọ̀ọ́dúnrún mítà lọ. Òfin náà dára lójú mi.

Svalbard fà mí, n kò lè sẹ́. Ní ibẹ̀, ní ìwọ̀n 78 sí àríwá, inú òkè kan ni wọ́n gbẹ́ ilé ìpamọ́ irúgbìn gbogbo ayé sí, tí wọ́n ṣí ní 2008. Láti Ìbàdàn wa níhìn-ín, láti ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA, ni irúgbìn ẹ̀wà àti àwọn mìíràn tí a kó jọ láti orílẹ̀-èdè Áfíríkà púpọ̀ ti lọ síbẹ̀ ní ọdún náà, kí ogun tàbí ọ̀dá má baà pa wọ́n run. Ẹ̀wà wa ti ṣíwájú wa dé ìpẹ̀kun àríwá! Ṣùgbọ́n àlejò kì í wọ inú ilé náà, ẹnu ọ̀nà nìkan ni wọ́n í dé. Ẹni tí yóò bá sì jáde kúrò ní àárín ìlú Longyearbyen ní láti ní ohun tí yóò fi lé béárì, nítorí náà kò sí ìrìn kankan níbẹ̀ fún irú mi láìsí amọ̀nà tí ó gbé ìbọn. Ọ̀rọ̀ ìwé ìwọ̀lú sì tún ń bẹ. Kí ọmọ Nàìjíríà tí ń ro irú ìrìn yìí mọ̀ dájú pé físà Schengen tí a fi ń wọ Nọ́wè kò bo Svalbard mọ́lẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ti Nọ́wè: ẹni tí ó bá lọ tí yóò tún padà gba Nọ́wè gbọ́dọ̀ gba èyí tí ó lè fi wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Gírínlándì pẹ̀lú kò sí lábẹ́ Schengen. Físà tí Dẹ́nmákì bá fún ni gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní pàtó pé ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìrìn àjò tí kò bá lè sọ èyí fún ọ kí ó tó gba owó rẹ, fi í sílẹ̀. Kí o sì ní ìwé ìbánigbófò tí kò dín ní 30,000 owó Yúróòpù, èyí tí òfin béèrè, kí o yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó kan gbígbé aláìsàn nínú bàálù láti ibi tí kò sí ọ̀nà ọkọ̀.

Ìtàn àwọn òyìnbó fúnra wọn ni ó túbọ̀ fi ẹsẹ̀ ìbéèrè mi múlẹ̀. Ní 1845, ọ̀gágun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, John Franklin, kó ọkọ̀ méjì àti ọkùnrin mọ́kàndínláàádóje lọ wá ọ̀nà òkun gba àríwá Amẹ́ríkà. Wọ́n gbé oúnjẹ inú agolo, wọ́n gbé ìwé, wọ́n gbé ohun èlò fàdákà tí a fi ń jẹun, ṣùgbọ́n wọn kò mú ọmọ ilẹ̀ náà kankan dání, kò sì sí ẹyọ ẹnìkan nínú wọn tí ó padà wálé. Àwọn Inuit ń sọ ibi tí ọkọ̀ wà láti ìran dé ìran. Ọdún 2014 àti 2016 ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọkọ̀ méjèèjì nísàlẹ̀ òkun, ní ìhà tí àwọn onílẹ̀ ti ń tọ́ka sí. Nígbà tí Roald Amundsen ará Nọ́wè gba ọ̀nà kan náà láti 1903, ó dúró lọ́dọ̀ àwọn Inuit fún nǹkan bí ọdún méjì, ó wọ aṣọ awọ tí wọ́n ń wọ̀, ó kọ́ ìwà ajá lọ́wọ́ wọn, ó sì la ọ̀nà náà já láàyè. Onílé ló mọ ibi tí ilé rẹ̀ ti ń jò.

Ìgbà tí mo wá kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ tí ó kù pé ọmọ ta ni amọ̀nà wọn, ìyàtọ̀ hàn. Òmíràn fi àwòrán ránṣẹ́, ọ̀dọ́ tí ó wọ aṣọ pupa àti búlúù àwọn Sámi, tí ó rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbọ̀nrín ilẹ̀ òtútù tí wọ́n ń pè ní reindeer. Kò dáhùn ìbéèrè mi. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Àwọn Sámi ni onílẹ̀ àtijọ́ ní àríwá Nọ́wè, Swídìn, Fínlándì àti ẹ̀bá Rọ́ṣíà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ké pé àwọn oníṣòwò ń gbé aṣọ ìran wọn wọ ẹni tí kì í ṣe ọmọ wọn, kí àlejò lè sanwó wò ó, débi pé ilé ìgbìmọ̀ àwọn Sámi ní Fínlándì gbé ìlànà kalẹ̀ ní 2018 lórí bí a ṣe yẹ kí a máa fi àṣà wọn ṣe ìrìn àfẹ́. Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò: bí ẹnìkan tí kò mọ ilé Ọ̀ràngún bá gbé ẹ̀wù egúngún wa wọ̀, tí ó ń jó fún owó ní ẹnu ọ̀nà ilé ìtura, ta ni nínú wa tí ojú kò ní tì? Ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó dá mi lóhùn láìfi nǹkan pamọ́. Wọ́n ní èrò inú ẹgbẹ́ kò ní ju ìwọ̀nba tí ọkọ̀ bọ́ọ̀sì kékeré kan lè kó. Wọ́n ní ìyá kan tí ìdílé rẹ̀ ń sin reindeer ni yóò mú wa rìn ní ilẹ̀ Sámi, pé apẹja kan ni yóò gbà wá ní erékùṣù Lofoten. Wọ́n tilẹ̀ sọ iye tí ó ń dé ọwọ́ amọ̀nà nínú owó tí a ń san. Wọ́n wọ́n ju àwọn yòókù lọ. A san án.

Oṣù Kẹta ni a yàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí òrùn tí kì í wọ̀, kí ó dé Tromsø láàárín ìparí oṣù Karùn-ún àti nǹkan bí ogúnjọ́ oṣù Keje. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ òkùnkùn tí òrùn kì í yọ nínú rẹ̀, kí ó lọ láti ìparí oṣù Kọkànlá dé àárín oṣù Kìíní. Ní oṣù Kẹta, ọ̀sán àti òru fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba bí tiwa nílé, òjò dídì sì bo ilẹ̀ síbẹ̀, ara àgbàlagbà sì lè gbà á mọ́ra bí a bá wọ aṣọ onírun ní ìpele mẹ́ta. Láti Èkó dé London, láti London gba Oslo dé Tromsø, kò sí ohun tí ó yẹ ní sísọ nínú ìrìn òfurufú náà.

Tromsø dára. Omi èbúté rẹ̀ kì í dì, nítorí ìṣàn omi òkun tí ó lọ́wọ́ọ́wọ́ ń gòkè wá láti ìhà gúúsù. Ṣọ́ọ̀ṣì funfun kan wà níbẹ̀ tí ó ga ṣónṣó, tí wọ́n parí rẹ̀ ní ọdún 1965 gan-an. Ère Amundsen sì dúró níbẹ̀, ẹni tí ó gbéra ní ìlú yìí nínú bàálù ojú omi ní oṣù Kẹfà 1928 láti lọ gba ẹlòmíràn là, tí a kò sì rí mọ́. Ní alẹ́ kejì ni ìmọ́lẹ̀ àríwá yọ lójú ọ̀run. Nǹkan tí ń ti ara òrùn wá ni, tí ó bá afẹ́fẹ́ òkè pàdé ní ibi tí ó ga ju ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ, tí afẹ́fẹ́ ọ̀hún fi ń tàn ní àwọ̀ ewé. Ó ta kọ́rọ́kọ́rọ́ láti ìlà oòrùn dé ìwọ̀ oòrùn, ọmọ àbúrò mi sì di ọwọ́ mi mú. Ó lẹ́wà ju bí mo ti lè wí lọ. Ṣùgbọ́n n kò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ: ọ̀run kì í gba owó, kò sì sí ilé iṣẹ́ tí ó lè ṣe ìlérí ìmọ́lẹ̀ náà fún ẹnìkan, èyí tí ó bá ṣe é ń purọ́.

Karasjok, ní ilẹ̀ Sámi, ni ọkàn mi wà. Ìlú yìí ni òtútù rẹ̀ lọ sílẹ̀ dé ìwọ̀n 51.4 lábẹ́ òdo ní ọjọ́ kìíní ọdún 1886, kò sì tíì sí ibi tí a ti rí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Nọ́wè. Ìyá tí wọ́n sọ fún wa ni ó pàdé wa níbẹ̀, obìnrin kúkúrú, onísùúrù, tí ohùn rẹ̀ kò ròkè. Nígbà tí ó mú wa dé àárín reindeer, ará Jámánì kan tí ó wà nínú ẹgbẹ́ wa béèrè pé mélòó ni tirẹ̀. Ìyá náà rẹ́rìn-ín músẹ́, kò dáhùn. Èmi ni mo sọ fún ọkùnrin náà ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ní ìlú wa a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ìyá náà gbọ́ ọ, ó sì bojú wò mí; láti ìgbà náà ni ó ti ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó ti mọ̀ mí tẹ́lẹ̀. Ó fi àmì tí a gé sí etí ẹran hàn wá, ó ní olúkúlùkù nínú ìdílé ní tirẹ̀, àní ọmọdé pàápàá. Ó tẹ òjò dídì pẹ̀lú ọ̀pá, ó sì jẹ́ kí a gbọ́ ìró rẹ̀, ó ní ìṣòro àwọn wà nísàlẹ̀: ní ìgbà òtútù òjò a máa rọ̀ nísinsìnyí ní àkókò tí kò yẹ, omi náà a dì bí àwo lórí ewéko tí reindeer ń jẹ, ẹran a máa fi pátákò wà á, kò ní rí i, yóò sì kú fún ebi lórí oúnjẹ rẹ̀. Ilẹ̀ àríwá ń gbóná ní ìlọ́po tí ó súnmọ́ mẹ́rin ju ìyókù ayé lọ. Kò sí nínú ìwé aláwòrán tí mo gbà ní Ìlá ibi tí a ti kọ èyí.

Ní alẹ́, nínú àgọ́ tí iná ń jó láàárín, ó kọ joik. Ohùn ni, tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kéré, tí ó ń yí po yí po. Ó ní kì í ṣe pé a ń kọrin nípa ènìyàn, ẹni náà fúnra rẹ̀ ni a ń pè wá sí àárín wa, àti òkú àti alààyè, àti ìkookò àti òkè. Mo ní kí ó má ṣe àlàyé mọ́, nítorí ilé tí wọ́n ti ń ki ènìyàn ni a gbé bí mi. Bí ìyá mi àgbà bá fi oríkì pè mí ní òwúrọ̀, kì í ṣe ìròyìn mi ni ó ń sọ, orí mi ni ó ń jí. Ó ní àwọn oníwàásù ìgbàanì pe joik ní iṣẹ́ Sátánì, wọ́n sì lé e kúrò láàárín ìlú. Ó ní ìyá òun lọ sí ilé ìwé tí a ti ń fi ìyà jẹ ọmọ tí ó bá sọ èdè Sámi. N kò lè dákẹ́. Mo sọ fún un pé ní ilé ìwé tí mo lọ, owó ìtanràn ni ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá ń san, àti pé èmi náà, nígbà tí mo di olùkọ́, bá òfin náà nílẹ̀ ní ibi tí wọ́n gbé mi lọ, mo sì bá a jà títí wọ́n fi pa á tì. A jókòó pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn yòókù sùn lọ.

Ní ọjọ́ kejì ó mú wa dé ilé ìgbìmọ̀ àwọn Sámi, èyí tí ọba Olav Karùn-ún ṣí ìjókòó rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1989, lẹ́yìn tí ìjọba ti fẹ́ dí odò Alta fún iná mànàmáná, tí àwọn Sámi sì kọ̀, tí wọ́n lọ jókòó láìjẹun ní iwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Oslo ní 1979. Wọ́n dí odò náà síbẹ̀, ṣùgbọ́n ìjà náà ni ó mú kí ìjọba jókòó ro ẹ̀tọ́ wọn. Níbi ìjókòó ìgbìmọ̀ yìí kan náà ni ọba Harald Karùn-ún ti dìde ní 1997, tí ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn Sámi nítorí ìwà tí ìjọba Nọ́wè hù sí wọn. Ọba tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tí ó ń ṣàkóso lé lórí! Mo ní kí ìyá náà tún un sọ, ó sì tún un sọ.

Lẹ́yìn náà a wọ ọkọ̀ ojú omi tí ń rìn ní etíkun láti Kirkenes dé Bergen, ètò tí Richard With dá sílẹ̀ ní 1893 láti máa kó lẹ́tà, ẹrù àti èrò, tí ó ń dúró ní èbúté mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n títí di òní. Ọkọ̀ iṣẹ́ ni, àwọn ará ìlú ń wọ̀ ọ́ lọ sí ìlú kejì. Mo gbádùn rẹ̀ nítorí bẹ́ẹ̀. Ní Lofoten ni apẹja wa ti gbà wá. Láti oṣù Kìíní dé oṣù Kẹrin ni ẹja ńlá tí wọ́n ń pè ní skrei ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkun Barents wá yé ẹyin níbẹ̀. Wọ́n ń so ó ní méjì méjì lórí àjà igi gbọọrọ, láìfi iyọ̀ sí i, afẹ́fẹ́ àti òtútù yóò sì gbẹ ẹ́ di ìgbà tí oṣù Karùn-ún bá wọlé. Mo gbé ojú sókè, mo sì mọ ohun tí mo ń wò. Pánlá ni! Orí ẹja náà wà lórí àjà tirẹ̀ lọ́tọ̀, apẹja náà sì ní Nàìjíríà ni púpọ̀ jù nínú rẹ̀ ń lọ. Ó fi àwọn ọmọdé hàn wá pẹ̀lú, tí wọ́n dé láti ilé ìwé, tí wọ́n wọ aṣọ rọ́bà, tí wọ́n ń gé ahọ́n ẹja tà fún owó tiwọn; iṣẹ́ ọmọdé ni láti ìgbà ìwásẹ̀ ní erékùṣù náà. Òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ mi bí a ti ń se orí ẹja náà, mo sì ṣàlàyé ọbẹ̀ fún un, ata, epo pupa, ìrú, pẹ̀lú bí a ti ń rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná kí egungun rẹ̀ tó rọ̀. Ó mú bírò, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Kí a tó kúrò ní Karasjok ni ìyá amọ̀nà wa ti béèrè ohun kan lọ́wọ́ mi tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ó ní bí òun bá wá sí ìlú wa, ta ni yóò mú òun rìn? Mo ní èmi ni, ó sì ní, “Bí ẹ kò bá sí nílé ń kọ́?” Kì í ṣe pé a kò ní ohun tí àlejò lè wò: Òkè-Ìlá kò jìnnà sí wa, òkè sì yí i ká, omi Ayíkúnnúgbá ń dà láti orí àpáta níbẹ̀, ó sì ń pọ̀ ní ìgbà òjò, ẹnikẹ́ni tí ó bá rí i yóò mọ̀ pé Ọlọ́run kò fi ẹwà du Ìgbómìnà. Ọ̀ràngún Òkè-Ìlá, Ọba Adédòkun Abọ́lárìn, dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní 2014, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ìlá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Àwọn àgbà tí ó mọ ìtàn ilé kọ̀ọ̀kan, tí ó mọ orúkọ igbó àti odò, ṣì wà láàyè ní Ìlá, ní Òkè-Ìlá, ní Ọ̀rà. Ohun tí ó kù ni kí a fa àwọn ọ̀dọ́ mẹ́wàá tàbí ogún lé wọn lọ́wọ́, kí wọ́n kọ́ ìtàn náà lẹ́nu wọn, kí wọ́n mọ ibi tí àlejò lè dé àti ibi tí kò gbọdọ̀ dé, kí wọ́n mọ bí a ti ń gbé ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ rọ́ lórí àpáta, kí wọ́n sì gba owó tí ó tó fún iṣẹ́ wọn. Mo ti kọ orúkọ àwọn àgbà mélòó kan sílẹ̀. Bí òjò yìí bá dá, n óò bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé, n óò béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọn yóò gbà. Èyí tí ó bá gbà, ọmọ àbúrò mi ti ní òun yóò fi ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sílẹ̀ ránṣẹ́ láti London.